Lẹ́tà Tó Wà Lórí Àtẹ

Ìwọ tí o ń gbá kọ̀ǹpútà létí nítorí pé lẹ́tà tí o ń kọ sí ẹ̀gbọ́n rẹ pòórá, ta ló ṣẹ̀ ọ́ gan-an? Jókòó ná. Gbọ́ èyí kí o tó fọ́ nǹkan.

Ọkùnrin kan wà, káfíńtà ni kó tó di àgbàlagbà. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, Ìbíyẹmí. Ọmọ náà mú ọkọ tí bàbá kò fẹ́ wálé, bàbá ní kó má fẹsẹ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà òun mọ́. Ọmọ gbọ́ràn. Ó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ìlú òtútù, ó di ọdún mẹ́sàn-án. Ife tí ọmọ fi ń mumi ṣì wà nílé bàbá, lórí ìṣó lára ògiri. Sátidé-Sátidé ni bàbá ń fọ̀ ọ́, tó tún ń gbé e kọ́, bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ fi mumi.

Nígbà tó yá, bàbá ra kọ̀ǹpútà àlòkù, ó sì pe tíṣà obìnrin kan kó wá kọ́ òun bí a ṣe ń fi ìwé ránṣẹ́.

Tíṣà ní, “Bàbá, ẹ wò ó. Ojú rẹ̀ tó ń tàn yìí, pátákó tí ẹ ó máa tẹ̀, máòsì tó dà bí ọmọ eku yìí, ìkòkò àti orógùn nìyẹn. Ohun inú rẹ̀ tí ọwọ́ kò lè bà, òun ni ìmọ̀ ọbẹ̀ sísè. Ìkòkò lásán kò se ọbẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sì ń kọ lọ́wọ́, orí àtẹ ló wà, bí ọjà tí a kò tíì kó wọlé. Bí iná bá lọ, òjò ti kó o lọ nìyẹn. Àfi tí ẹ bá tẹ séèfù ló tó wọ inú àpótí.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Èmi káfíńtà, àpótí lo fẹ́ wá kọ́ mi?”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí kì í ṣàdédé wọ inú ọ̀rọ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí ènìyàn. Ó kí ọmọ kú òtútù, ó kí i kú iṣẹ́, kú àjò. Ó kí ọkọ tí kò fẹ́. Ó kí àwọn àna, òkú wọn àti alààyè wọn. Bó ṣe ní kí òun wá sọ ohun tó wà lọ́kàn òun báyìí, wọ́n mú iná lọ. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣẹlẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ṣépè fún àwọn oníná. Lẹ́ẹ̀kejì, ó gbá ẹ̀rọ náà létí. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ránṣẹ́ pe tíṣà. “Wá gbé nǹkan yìí lọ. Ó ń jẹ ọ̀rọ̀ mi.”

Tíṣà kò bá a jiyàn. Ó jókòó tì í bó ṣe ń tún lẹ́tà kọ, ó ń rán an létí séèfù ní gbogbo ìgbà. Wọ́n tún mú iná lọ. Nígbà tó dé, lẹ́tà wà níbẹ̀ pérépéré. Inú bàbá dùn.

“Bá mi kà á.”

Tíṣà ka ìkíni, ó ka ìkíni. “Ó parí, bàbá.”

“Ó parí kẹ̀? Ibi tí mo ti ní kó máa bọ̀ wálé ńkọ́?”

“Kò sí níbẹ̀.”

Bàbá gba máòsì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ sí ìparí, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó fún ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ dá padà fún un. Ó gbójú sókè wo ife lára ògiri. Lẹ́yìn náà ló pa gbogbo ìkíni rẹ́, ó kọ, “Èmi ni mo jẹ̀bi. Máa bọ̀ wálé,” ó sì fi ránṣẹ́. Ife náà ṣì wà lórí ìṣó. Ojoojúmọ́ ló ń fọ̀ ọ́ báyìí.

Ìwọ náà ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀melòó ni lẹ́tà ẹ̀gbọ́n rẹ ti sọnù, tí o kò tíì kọ ibi tó ṣe pàtàkì? O ní ẹ̀rọ, o ní iná, ọwọ́ rẹ kò rọ. Fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ ọ́, ìwọ ni.