Pèrègún Ojú Ààlà Ládiméjì

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù karùn-ún, ọdún 1958, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ládiméjì bẹ̀rẹ̀ sí í hú pèrègún mọ́kànlá tí bàbá rẹ̀ gbìn sí ojú ààlà. Ọ̀rọ̀ náà ló bí ohun tí wọ́n ń wí ní Òkè-Ẹ̀tù pé: "Wọ́n pe pèrègún kó wá jẹ́rìí, òdòdó ló dáhùn." Àlejò tó bá gbọ́ ọ a béèrè pé, ìgbà wo ni igi ń rojọ́? Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ládiméjì fi ṣe kúùkù fún òyìnbó ní Ìbàdàn. Ó jẹ àjẹkù, ó sùn nínú yàrá tí òjò ń jò sí, ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni igi pánsẹ́kẹ́ ń kí i lójú fèrèsé: igi tí ewé rẹ̀ rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́, tí í tan òdòdó pupa bí iná nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ó pinnu pé bí òun bá kọ́lé, irú igi yẹn ni yóò máa kí àlejò òun. Nígbà tó kọ́ ilé náà tán sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ó bojú wo ẹ̀gbẹ́, ó rí pèrègún tó tò lọ gbọọrọ, tí ewúrẹ́ ti fara ha títí. Ojú tì í.

"Irú igi wo lèyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé páànù?" ló wí.

Ìyá rẹ̀, Efúnṣeyì, ń roko ìdí ilá. Oko ilá rẹ̀ wà létí pèrègún yẹn gan-an. Ọkọ rẹ̀ ló fún un níbẹ̀ kó tó kú, ibẹ̀ ló sì ti ń jẹun. Kò gbórí sókè.

"Bàbá rẹ ò gbìn ín fún ẹwà, Ládi."

"Ẹ fi sílẹ̀, Màmá. Ẹ ó rí i bí ibí yìí yóò ṣe rẹwà."

"Èmi náà ti rẹwà rí. Kò pẹ́ lọ títí."

Bàbá Sùnmọ́nù, tí wọ́n jọ pààlà, gbọ́, ó rẹ́rìn-ín. "Kúùkù òyìnbó, mo mọ ibi tí ilẹ̀ mi dé, ìwọ náà mọ̀. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa ńkọ́?"

"Àbí ẹ fẹ́ jí ilẹ̀ mi ni, Bàbá?"

"Èmi kọ́. Èmi ń darúgbó ni."

Pèrègún kì í kú bọ̀rọ̀. Bí a bá gé e, a tún rú. Ládiméjì mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò gé e. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wá gbòǹgbò wọn nínú ilẹ̀, bó ṣe máa ń ha ìdí ìkòkò ọ̀gá rẹ̀, ó sì dáná sun gbogbo rẹ̀. Pánsẹ́kẹ́ a máa fẹ́ àyè tí yóò na ẹ̀ka sí, nítorí náà kò gbìn ín sójú ààlà. Ó ka ìṣísẹ̀ mẹ́wàá wọ inú ilẹ̀ tirẹ̀, ó fi oko ìyá rẹ̀ sí àárín ibẹ̀ àti ojú ààlà, ó gbìn ín ní ìlà kan tó gún régé.

Ní ọdún keje, igi náà tan òdòdó. Àwọn ènìyàn ń yà wò ó. Ọdún náà ni Bàbá Sùnmọ́nù kú. Kò tíì pé ogójì ọjọ́ tí Rájí, ọmọ rẹ̀, fi já bíríkì sínú oko ilá.

Baálẹ̀ àti àwọn àgbà wá jókòó sábẹ́ pánsẹ́kẹ́.

"Bàbá mi ló yá Màmá Ládiméjì ní ibi tí wọ́n ń gbin ilá sí, àánú ló ṣe wọ́n," ni Rájí wí. "Igi ni ààlà. Igi ọ̀hún rèé, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbìn ín."

"Irọ́ ni," ni Ládiméjì wí. "Pèrègún ni ààlà wa."

"Pèrègún ọ̀hún dà?" Baálẹ̀ bi í.

"Mo ti hú u."

"A kì í fi ẹnu lásán pààlà. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ wò. Gbòǹgbò rẹ̀ kì í sábà tán."

Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Wọn ò rí ẹyọ kan. Ládiméjì dúró, ó ń wí nínú ara rẹ̀ pé ìbá ṣe pé òun ya ọ̀lẹ lọ́jọ́ náà, kí òun ṣẹ́ ẹyọ kan péré kù sílẹ̀. Òdòdó pupa já sórí fìlà Baálẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n dànù.

"Ta ló hú u mọ́ tó báyìí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"O mà ṣiṣẹ́ o." Kò sí ẹ̀gàn lẹ́nu rẹ̀, ìyẹn ló dun Ládiméjì jù. "A pe pèrègún kó wá jẹ́rìí, òdòdó ló dáhùn. Rájí sì ni òdòdó gbè."

Ládiméjì ò lè wo ojú ìyá rẹ̀. Efúnṣeyì ti wà nínú oko, ó ń já ilá sínú agbọ̀n, èyí tó gbó àti èyí tí kò tíì gbó.

"Màmá, mo..."

"Bá mi gbé agbọ̀n."

Ó gbé e.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pa á lówe fún ẹni tó fi ẹlẹ́rìí rẹ̀ ṣe pààrọ̀ ohun tó wu ojú: wọ́n pe pèrègún kó wá jẹ́rìí, òdòdó ló dáhùn. Ilẹ̀ tó lọ jẹ́ ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ní ìbú, ìṣísẹ̀ méjìléláàádọ́ta ní gígùn. Efúnṣeyì ò gbin ilá mọ́ títí ó fi kú.