Oje Ẹ̀yìn Ọ̀pọ̀lọ́

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé ẹ̀yìn Ọ̀pọ̀lọ́. Oje kan wà níbẹ̀ tó ń pani bí ọtí. Ajá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lá a lẹ́ẹ̀kan, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó lá a lẹ́ẹ̀kejì, ó ń bá igi jó. Ẹ gbè é, ẹ̀yin ọmọ:

Ajá ń jó o!
Oje ń gùn ún!

Ó lá a lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní òun ni Ẹkùn, ó sì lọ ń gbó mọ́ Ẹkùn gan-an. Ọ̀pọ̀lọ́ fò sáàárín wọn. Ẹ wo akin! Ẹkùn fẹnu gbé Ọ̀pọ̀lọ́, oje kàn án lẹ́nu, ó tu ú dànù, òòyì kọ́ Ẹkùn, ó ṣubú.

Nígbà tí wọ́n délé tí ojú Ajá wálẹ̀, ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi, kí ló dé tí ìwọ kì í lá a?”

Ọ̀pọ̀lọ́ ní, “Bí èmi náà bá lá a, ta ni ì bá mú ọ délé?”