Ẹyin Abẹ́ Àká

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ẹ rọra dáhùn, iṣẹ́ oko ti gba okun mi lónìí. Ààlọ́ mi dá lórí Àwẹ̀ró àti ìyá ọkọ rẹ̀, ó já lu adìyẹ kan tó ń yé sábẹ́ àká.

Ní ayé àtijọ́, Àwẹ̀ró bí ọmọ, ọmọ náà kú. Ó tún bí òmíràn, wọ́n sọ ọ́ ní Málọmọ́. Àwẹ̀ró ń roko, ó ń pọnmi, ó ń gúnyán. Tó bá bu ọbẹ̀, ẹran á lọ síwájú ọkọ, èyí tó kù á lọ síwájú ìyá ọkọ. Omi ọbẹ̀ ló ń kan òun àti ọmọ. Ọmú rẹ̀ gbẹ. Ẹ̀kọ lásán ni Málọmọ́ ń mu. Irun ọmọ pọ́n, ikùn rẹ̀ yọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ẹ̀rù ba Àwẹ̀ró, ó ti sin ọmọ rí.

Àánú ṣe adìyẹ. Ó ní, "Àwẹ̀ró, mú ẹyin mi fún ọmọ rẹ."

Àwẹ̀ró sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá náà fẹ́ràn ọmọ yìí, ìyẹn ló fi kọ̀. Ó ní ọmọ tó bá jẹ ẹyin, olè ni yóò dà. Àwẹ̀ró kò bá àgbà jiyàn. Ni adìyẹ bá ń kọrin, ẹ bá mi gbè é:

Àwẹ̀ró, wá sábẹ́ àká o,
*Kó ẹyin fọ́mọ!*
Ebi ń pọmọ, kò lè sunkún,
*Kó ẹyin fọ́mọ!*
Ìyá tó gbẹ, kóun náà jẹ o,
*Kó ẹyin fọ́mọ!*

Ó kọ ọ́ láàárọ̀, Àwẹ̀ró wà lódò. Ó kọ ọ́ lọ́sàn-án, Àwẹ̀ró wà lóko. Ó kọ ọ́ nírọ̀lẹ́, ó ti rẹ Àwẹ̀ró, kò lè dáhùn.

Lọ́jọ́ kan, ìyá ọkọ gbọ́ tí nǹkan ń fọ́ lábẹ́ àká. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Málọmọ́ ni. Ọmọ tí kò lè rìn mọ́ wọ́ débẹ̀, ó ń jẹ ẹyin tútù pẹ̀lú èèpo. Nígbà tó rí ìyá àgbà, ó fọwọ́ bo ìyókù.

Ìyá náà pe Àwẹ̀ró, ó ní, "Wo ọmọ rẹ, ó ti ń jalè."

Àwẹ̀ró sọ igbá kalẹ̀. Ó ní, "Ìyá, kò jẹ ẹyin rí. Ebi ló kọ́ ọ."

Ìyá náà súnmọ́ ọmọ. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé Málọmọ́ lé itan. Ọmọ náà fúyẹ́ jù. Ìyá àgbà sunkún. Lẹ́yìn náà ó se ẹyin tó kù, ó bó o, ó fi ọ̀kan sọ́wọ́ ọmọ, ó fi ọ̀kan sọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jẹ ẹ́ níṣojú mi. Ẹni tí wọ́n fún kò jalè."

Ààlọ́ yìí kọ́ wa pé ká má fi oúnjẹ du ìyá àti ọmọ nítorí èèwọ̀ tí a kò mọ ìdí rẹ̀. Ibi tí ààlọ́ tèmi já sí nìyí. Ẹni tó bá lọ́mọ nílé, kó lọ wo inú àwo rẹ̀.