Ewúrẹ́ Tó Rí Ẹ̀yìn Òkè

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi dá lórí ìyá kan, ewúrẹ́ kan, àti òkè kan tí kò jẹ́ kí ará mọ ará. Pópóọlá, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí ẹní mi."

Ní ìgbà kan rí, ní ilẹ̀ Gíríìsì, ìlú kékeré kan wà tó ń jẹ́ Kálámù. Òkè gíga wà lẹ́yìn rẹ̀, òkun wà níwájú rẹ̀. Ilẹ̀ oko àárín méjèèjì kò tó nǹkan, òkúta ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Igi ólífì nìkan ni òkúta náà kò dí lọ́wọ́. Òróró rẹ̀ kún ìkòkò nílé gbogbo. Ṣùgbọ́n ta ló ń mu òróró yó?

"Ìyá Àgbà, wọn ò gbin iṣu ni?"

"Iṣu wo? Ṣé orí àpáta ni wọ́n máa kọ ebè sí? Pópóọlá, gbọ́ ìtàn."

Lọ́dún kan òjò kọ̀, àlìkámà wọn gbẹ. Opó kan wà níbẹ̀, Fílínà lorúkọ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó pe Mírò, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, pé kó dìde. Ọmọ kò lè dìde mọ́. Ebi ni.

Àwọn ará ìlú péjọ. Dámónì, àbúrò ọkọ Fílínà, ló kọ́kọ́ fọhùn.

"Àwọn ará ẹ̀yìn òkè ló ń gba òjò wa! Ẹ jẹ́ ká pọ́n ọ̀kọ̀, ká lọ kó àká wọn!"

Fílínà bi í pé, "Ọkọ mi, ta ló ti rí wọn rí?"

Òkè náà ga, kò sẹ́ni tó gùn ún kọjá rí.

Ewúrẹ́ Fílínà wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Èmi ti gùn ún."

"Kí lo rí?"

"Ìlú tó jọ tiyín bí ìbejì. Àwọn náà kò ní àlìkámà. Àwọn náà ń pọ́n ọ̀kọ̀."

"Irọ́ ni!" ni Dámónì wí.

Ewúrẹ́ kọjú sí Fílínà. "Mo wo iwájú náà. Erékùṣù tò sójú òkun bí òkúta tí ẹ máa ń tẹ̀ kọjá odò. Lẹ́yìn wọn, ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan wà tí àlìkámà kún bámúbámú. N kò rí igi ólífì kan níbẹ̀."

Fílínà mi orí. Òkun ló gbé ọkọ rẹ̀ lọ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá.

"Ọkọ rẹ kọjú sí agbami tààrà," ni ewúrẹ́ wí. "Ẹ̀yin, ẹ rìn bí èmi ṣe ń gun òkè. Ẹ má kúrò lójú kan títí ẹ ó fi rí ibi tí ẹ ó tẹ̀."

Fílínà wo Mírò nílẹ̀. Ó wo òkun. Ó ní, "Ọkọ mi, bí wọ́n bá pa yín lórí òkè, ta ni yóò bọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n yín? Ẹ bá mi gbé òróró sínú ọkọ̀, kí ìjì ìgbà òtútù tó dé tí òkun ò ní ṣeé rìn mọ́."

Dámónì ráhùn títí, ṣùgbọ́n ó gbé e. Ọ̀kọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ṣá. Wọ́n fi Mírò sílẹ̀ lọ́dọ̀ ewúrẹ́, wọ́n ta ìgbòkun. Ẹ bá mi gbè é!

Òkè tilẹ̀kùn ẹ̀yìn o,
*Tere-nà!*
Òkun ṣílẹ̀kùn iwájú,
*Tere-nà!*
Mírò ọmọ mi, má sùn lọ o,
*Tere-nà!*

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á fa ọkọ̀ sí erékùṣù, wọ́n á sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á wo èyí tó kàn kí wọ́n tó ṣí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dé ilẹ̀ pẹrẹsẹ náà.

Wọ́n bá ọkọ̀ mìíràn ní èbúté. Òróró ni àwọn náà gbé wá. Dámónì fetí sílẹ̀: èdè Kálámù ni wọ́n ń sọ, òrìṣà Kálámù ni wọ́n ń ké pè.

"Níbo lẹ ti wá?"

Ọkùnrin àgbà kan dáhùn. "Ẹ̀yìn òkè kan ni. Àwọn ìkà kan wà lódìkejì tó ń gba òjò wa. À ń pọ́n ọ̀kọ̀ láti lọ bá wọn jà ni ewúrẹ́ kan yọ sí wa, ó ní ká gba ojú òkun."

"Ìyá Àgbà, àwọn ni!"

"Ẹ má pariwo sí mi létí. Ẹ̀yin mọ̀, Dámónì náà ti mọ̀."

Ojú tì í. Nígbà tí wọ́n fi òróró gba àlìkámà tán, ó fi igi ọ̀kọ̀ rẹ̀ kọ́ àpò àlìkámà bàbá náà, àwọn méjèèjì sì jọ gbé e léjìká dé inú ọkọ̀.

Ìjì kò tíì dé tí Fílínà fi gúnlẹ̀. Ó sáré wọlé. Ewúrẹ́ dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mírò, ẹnu ọmọ ṣì wà lọ́mú rẹ̀.

"Ó pẹ́ kí ẹ tó dé," ni ewúrẹ́ wí. "Wàrà mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán."

Fílínà wólẹ̀, ó sunkún.

Láti ọjọ́ náà, ojú òkun ni ìlú méjèèjì ti ń pàdé. Òkè kò kúrò, oníkálukú sì ń dá ìlú tirẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n wọn ò pọ́n ọ̀kọ̀ de ara wọn mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣe bínú sí ilẹ̀ tí a bí yín sí. Ẹ wo ohun tó ní. Ẹ má sì pe ẹni tí ẹ kò rí rí ní ọ̀tá.

Bí mo bá parọ́, kí ewúrẹ́ wá kàn mí pa. Bí kò bá sì wá, Pópóọlá, bá mi ká ẹní.