Irùngbọ̀n Òbúkọ Nínú Ìkòkò Ọtí

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Mo ní ààlọ́ o! Àbí iyán ti pa yín lẹ́nu mọ́ ni?

Ààlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n, ó yá. Mojírọ́lá, ká ẹsẹ̀ rẹ kúrò lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ, kí gbogbo yín lè ráyè jókòó. Àlọ́ mi ò lọ jìnnà lónìí. Ó gba ẹ̀yìn ààrò kọjá, ó yọjú wo ìkòkò ọtí, ó sì fi irùngbọ̀n Òbúkọ nu ẹnu.

Ní ayé àtijọ́, Ìlú Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin ní òfin kan. Bí ọkà bàbà tuntun bá gbó, tí wọ́n kó o wọ inú àká, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ títí wọn yóò fi fi díẹ̀ nínú rẹ̀ pọn ọtí, tí Baálẹ̀ Ẹfọ̀n yóò sì ta ọtí náà sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá wọn. Ọtí ọ̀hún dúdú, ó nípọn, ó sì ń ta sánsán.

Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń pọn ọ́n? Wọ́n á rẹ ọkà bàbà sínú omi di ọjọ́ kejì. Wọ́n á dà á sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á fi ewé mìíràn bò ó títí yóò fi hù. Wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á yan án títí yóò fi dúdú, tí òórùn rẹ̀ yóò gba àdúgbò kan. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á jẹ́ kí ó tutù. Ṣùgbọ́n bí ó bá mọ síbẹ̀, omi ọkà dídùn lásán ni. Ohun tó ń sọ ọ́ di ọtí ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí èṣí tó wà nísàlẹ̀ ìkòkò. Nítorí ìyẹn ni ẹnikẹ́ni kì í fi í fọ ìkòkò ọtí ní ìlú náà. Wọ́n á da omi ọkà lé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn lórí, tó bá di ọjọ́ kejì, ẹ ó máa gbọ́ ọ: fọ̀ọ̀, fọ̀ọ̀, fọ̀ọ̀! Bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹnì kan bá bàjẹ́, yóò mú igbá lọ sílé aládùúgbò, wọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún un. Kò sẹ́ni tó ń fi du ẹnì kejì.

Òbúkọ ń gbé ní ìlú yìí. Òun nìkan ló ní irùngbọ̀n láàárín gbogbo wọn, ó sì ń gbé e kiri bí ẹni jẹ oyè. Àárọ̀ ló ń fọwọ́ pa á, ọ̀sán ló ń fọwọ́ pa á. Ṣùgbọ́n omi kò kan irùngbọ̀n náà rí, nítorí Òbúkọ bẹ̀rù omi ju ọ̀bẹ lọ.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń bù fún ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́ yìí ń dun Òbúkọ wọ eegun. Ó jókòó sẹ́yìn ilé, ó ń rò ó. "Bó bá jẹ́ ilé mi nìkan ló wà ńkọ́? Gbogbo wọn á kúnlẹ̀. Wọ́n á máa pè mí ní Bàbá Ọtí. Èmi ni n óò máa kọ́kọ́ fẹnu kan ìkòkò gbogbo ilé, kí ẹni tó ni ìkòkò pàápàá tó tọ́ ọ wò!" Inú rẹ̀ dùn débi pé ó rẹ́rìn-ín sókè: mẹ̀ẹ̀-ẹ̀-ẹ̀-ẹ̀!

Nígbà tí ìkórè dé, gbogbo ìlú kọjá sóko. Òbúkọ ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Bí wọ́n ti yí ẹ̀yìn padà báyìí, ẹsẹ̀ san! Ó gbé ìkòkò ńlá kan, ó ń ti ilé dé ilé. Ó ha gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ilé Baálẹ̀. Ó ha ti ilé Ẹṣin. Ó ha ti ilé Àgbọ̀nrín. Ó ha ti ilé Ìyá Àgùntàn, àgbà gbogbo àwọn tó ń pọn ọtí. Níbi tí ọwọ́ kò bá tó, á ti gbogbo orí bọ inú ìkòkò, á fi ahọ́n lá ìsàlẹ̀ rẹ̀, ṣùkù, ṣùkù, irùngbọ̀n á máa wọ́ tẹ̀lé e nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú eérú àti kànìnkànìn, ó na ọwọ́ jìnnà kí omi má baà ta sí òun lára, ó sì fọ gbogbo ìkòkò ìlú títí wọ́n fi ń dán.

Àwọn ará oko dé nírọ̀lẹ́. Òbúkọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú oko o! Ẹ kú àárẹ̀! Ọdún ń bọ̀, mo bá yín fọ ìkòkò."

Ìyá Àgùntàn yọjú wo ìkòkò tirẹ̀. Ó di orí mú.

"Òbúkọ, o fọ̀ ọ́?"

"Mo fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, Ìyá àgbà."

"Inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Inú gan-an ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀!"

Ẹkún fẹ́ gbọ̀n Ìyá Àgùntàn. Kí ni èèyàn fẹ́ sọ fún ẹni tó ní òun ń ranni lọ́wọ́? Wọ́n rò pé àìmọ̀kan ló ṣe é. Òbúkọ wá fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ẹ má dààmú rárá. Ó ku díẹ̀ nílé mi. Bó bá di ọjọ́ ọtí pípọn, kí olúkúlùkù wá kí mi dáadáa, n óò bù fún yín."

Ó gbé ìkòkò gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wọlé, ó ń wá ibi tí yóò fi í pamọ́ sí. Ó rì í mọ́ inú eérú gbígbóná lẹ́yìn ààrò.

Ewúrẹ́, ìyàwó rẹ̀, ní, "Baálé mi, ibi iná lẹ gbé e sí yìí o. Èmi ń dáná lójoojúmọ́."

"Dákẹ́ ẹnu rẹ! Ta ló máa wá nǹkan dé inú iná?"

Ewúrẹ́ padà sídìí iná. Ó ń dáná láàárọ̀, ó ń dáná lálẹ́, fún ọjọ́ méje gbáko.

Ọjọ́ ọtí pípọn dé. Ìlú tò lọ sẹ́nu ọ̀nà Òbúkọ, tigbátigbá. Ó mú kí wọ́n pè é ní Bàbá Ọtí lẹ́ẹ̀mẹta. Ó mú kí Ẹṣin kúnlẹ̀, Ẹṣin kò sì tíì kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Lẹ́yìn èyí ni ó hú ìkòkò jáde, ó ṣí i. Háà! Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti jóná, ó le gbagidi. Òbúkọ kò jẹ́wọ́. Ó ní, "Bó ṣe máa ń rí nílé àwọn ọ̀gá nìyẹn," ó sì fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ó pín in fún wọn.

Wọ́n da omi ọkà lé e lórí. Ọjọ́ kan, ìkòkò kò fọhùn. Ọjọ́ méjì, kẹ́kẹ́ pa. Ọjọ́ mẹ́ta, kò sí ìfófòó kankan lójú ọtí. Ọkà àtijọ́ ti tán nínú ilé. Ọkà tuntun kún àká, kò sì sí ẹni tó lè fi í kan ẹnu. Àwọn ọmọdé ń sunkún ebi lójú àká tó kún. Àánú wọn ṣe Ìyá Àgùntàn gan-an. Lójoojúmọ́ ló ń gbé omi ọkà rẹ̀ padà sórí iná kí ó má baà bàjẹ́, tó bá tutù, á jókòó tì í, á máa kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Mo rẹ ọkà, ọkà hù.
*Hó o, ìkòkò, hó!*
Mo yan ọkà, ọkà dú.
*Hó o, ìkòkò, hó!*
Àká kún, ọmọ ń sunkún.
*Hó o, ìkòkò, hó!*
Ìkòkò mi, kí ni mo ṣe ọ́?
*Hó o, ìkòkò, hó!*

Ìkòkò kò hó.

Ebi ń pa Òbúkọ náà. Ìyẹn ni kò rò tẹ́lẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá Àgùntàn lọ bẹ Baálẹ̀ pé kí ó sún ọdún síwájú. Òbúkọ ń kọjá lọ, òórùn omi ọkà gbá a nímú. Ó ní òun kàn fẹ́ tọ́ ọ wò ni. Ó fi ètè kàn án. Ó dùn! Ó ti orí bọ̀ ọ́, ó ń mu ún, kùlù, kùlù, kùlù, irùngbọ̀n rẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ìkòkò. Nígbà tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ó ta kìtì, ó sá lọ.

Ìwọ Dúródolá tó ń rẹ́rìn-ín yìí, ṣé o ti mọ ibi tí mò ń lọ?

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́. Ìyá Àgùntàn gbọ́ nǹkan lẹ́yìn ilé: fọ̀ọ̀! Ó dúró. Fọ̀ọ̀, fọ̀ọ̀! Ó sáré lọ wò ó, ìfófòó ti kún ìkòkò dé ẹnu, ó ń ṣàn sílẹ̀ wọ̀ọ̀! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó, àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn. Bó ti ń jó ló rí nǹkan lójú ìfófòó. Irun gígùn kan ni. Ó fà á yọ, ó gbé e sójú oòrùn.

Gbogbo ìlú pé sọ́dọ̀ Baálẹ̀. Ìyá Àgùntàn gbé irun náà sókè. "Ẹ̀yin ará ilé, ta ló ní irùngbọ̀n ní ìlú wa?"

Gbogbo ojú yí sí Òbúkọ. Òbúkọ ní, "Ẹ má wò mí o. Atẹ́gùn lè gbé irun."

Baálẹ̀ Ẹfọ̀n sún mọ́ ọn, ó gbóòórùn irùngbọ̀n rẹ̀. "Òbúkọ, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìkòkò mi ni mò ń gbóòórùn yìí. Ti Ẹṣin wà níbẹ̀. Ti Àgbọ̀nrín wà níbẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe débẹ̀?"

Òbúkọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Baálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Èmi ni mo ha á. Mo fọ ìkòkò yín kí ó lè kù sọ́wọ́ mi nìkan. Mo fọ ti gbogbo ayé, mi ò fọ irùngbọ̀n ara mi!"

Ìlú bú sẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "O fẹ́ kọ́kọ́ kan ìkòkò gbogbo ilé. Ó dára. Wàá kàn án." Wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ di Òbúkọ lẹ́nu, kí ó má baà mu ẹ̀kán kan. Ẹṣin gbé e sẹ́yìn, wọ́n ń ti ilé dé ilé, wọ́n ń tẹ irùngbọ̀n rẹ̀ bọ ìkòkò. Ẹ gbè é kíkan:

Ta ló fẹ́ kọ́kọ́ kan ìkòkò?
*Òbúkọ ni, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́!*
Ẹnu ńkọ́? Ẹnu wà ní dídì.
*Òbúkọ ni, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́!*
Irùngbọ̀n ńkọ́? Irùngbọ̀n ti wọlé.
*Òbúkọ ni, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́!*
Ilé mi ló kàn, ẹ má fò mí o!
*Òbúkọ ni, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́!*

Lọ́jọ́ kejì, ilé gbogbo ń hó fọ̀ọ̀, fọ̀ọ̀. Baálẹ̀ ta ọtí dúdú sílẹ̀, ọdún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọdé jẹ ọkà tuntun títí ikùn wọn fi yọ rọ̀bọ̀tọ̀. Òbúkọ jókòó síkangun, òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́, ojú ń tì í. Ìyá Àgùntàn ló tú ewé ẹnu rẹ̀. Ó bu igbá ọtí kan fún un. Ó tún bu ẹ̀kúnwọ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lé e lọ́wọ́.

"Gbà, gbé e sínú ìkòkò ilé rẹ. Má sì gbé e sẹ́yìn ààrò mọ́."

Òbúkọ wo ẹ̀kúnwọ́ náà. Ó bú sẹ́kún. Ó ní òun kò mọ̀ pé wọ́n á tún fún òun.

Baálẹ̀ wá pàṣẹ pé Òbúkọ kò gbọdọ̀ fọ irùngbọ̀n rẹ̀ láéláé, nítorí ọjọ́ tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìlú bá tún bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí irùngbọ̀n rẹ̀ fi ń rùn títí dòní. Bí òjò bá sì ṣú báyìí, ẹ wò ó bí yóò ṣe sáré wọ abẹ́ òrùlé, kí omi má baà fọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìlú kúrò nínú irùngbọ̀n rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti sọ àlọ́ mi kalẹ̀ lórí, tí mo sì fi ewé dé e. Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni mo pa, òbúkọ wà lẹ́yìn ilé: ẹ lọ fọwọ́ kan irùngbọ̀n rẹ̀, kí ẹ gbóòórùn ọwọ́ yín.

Ẹ̀kọ́ tí àlọ́ yìí kọ́ wa ni pé kí a má ṣe ojúkòkòrò, kí a má sì kó ohun tí gbogbo wa jọ ń lò pamọ́ fún ara wa nìkan. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí Òbúkọ rì mọ́ inú eérú jóná. Èyí tí wọ́n pín kárí ilé ló ń hó títí di òní.