Ọgbà Tó Dá Ẹṣin Olórí Ogun Dúró

Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n máa pa ọkọ Bánónà bí obìnrin náà kò bá tètè wá nǹkan ṣe. Láàrin àwọn Bẹ́lígà, ẹ̀yà ajagun kan nílẹ̀ Yúróòpù láyé àtijọ́, tí fèrè ogun bá ti dún, gbogbo ọkùnrin á sáré lọ sí ojúde ogun; ẹni tó bá dé gbẹ̀yìn, pípa ni. Fèrè ti dún lọ́jọ́ náà, Lítù ọkọ rẹ̀ sì rèé, ó ń tiro. Bánónà bẹ Sẹ́nórí, olórí ogun, níbi tó ti ń jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹsẹ̀ ọkọ mi." Sẹ́nórí bú sẹ́rìn-ín: "Kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́! Ẹṣin mi á bá a lọ́nà, á sì kọjá rẹ̀." Nígbà tí àwọn yòókù ti lọ tán, Bánónà tẹ igi ẹlẹ́gùn-ún wálẹ̀ lójú ọ̀nà tóóró tó gba inú irà kọjá, ó hun wọ́n mọ́ra bí wọ́n ṣe ń hun ọgbà dí ẹṣin ọ̀tá. Lítù rákò gba abẹ́ rẹ̀, ìyàwó tẹ̀ lé e. Ìgbà tí Sẹ́nórí jẹun tán tó débẹ̀, ẹṣin kọ̀. Ó ní kóun gba inú irà yípo, irà gbé ẹṣin mì dé ikùn. Ẹsẹ̀ ló fi rìn dé ojúde ogun, ẹrẹ̀ dé irùngbọ̀n, ó bá Lítù ní ìjókòó. Bánónà kúnlẹ̀: "Ẹ kú ìrìn o, Bàbá. Ọ̀pọ̀lọ́ ti fò dé. Ta ló kù lẹ́yìn yín?" Sẹ́nórí wẹ̀yìn, kò rí ẹnì kan. Idà bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ogun tí wọ́n yàn láti pa ẹni tó bá dé gbẹ̀yìn. Sẹ́nórí nu ẹrẹ̀ kúrò ní irùngbọ̀n rẹ̀: "Òfin yẹn... ó ti gbó." Báyìí, òfin ló kú; Lítù ṣì ń tiro kiri.