Oríyọmí, Ẹni Tó Dá Nìkan Di Ìlú

Láyé ìgbà tí àwọn ọlọ́ṣà orí omi ń kó ènìyàn lẹ́rú ní etí òkun, ibi kan ṣoṣo ni ojú wọn kò tíì tó: Kọ̀rọ̀-Omi, ibi kékeré tí òkun ti ya wọ ilẹ̀, tí igi ẹ̀gbà etí omi sì bò lẹ́nu. Oúnjẹ àwọn ará ibẹ̀ nìkan ló lè tú àṣírí wọn. Ẹja tí a kò bá yan yóò jẹrà. Èyí tí a bá yan, èéfín rẹ̀ a gorí igi, gbogbo òkun a rí i. Nígbà tí ọkọ̀ ọlọ́ṣà dojú kọ èéfín náà, Ehinmọwó, olórí Kọ̀rọ̀-Omi, ní kí wọ́n pa gbogbo iná.

“Kí la ó wá jẹ, Baba?” ni ìyàwó rẹ̀ bi í. “Ẹja tútù, bí ẹyẹ?”

Oríyọmí bú sẹ́rìn-ín. Àpọ́n apẹja ni, òun ló máa ń fi akàn sínú fìlà àwọn àgbà.

“Èmi ni n ó máa yan án, lórí òkìtì iyanrìn tó wà láàárín òkun lókèèrè yẹn. Kí wọ́n rò pé ibẹ̀ ni ìlú wa, kí wọ́n wá mi débẹ̀.”

“Ìwọ nìkan?” ni Ehinmọwó bi í. “Ẹnìkan a máa jẹ́ ìlú?”

“Ẹ ṣáà fún mi ní àkísà yín, Baba.”

Oríyọmí, a-fi-èéfín-ṣe-ìwọ̀, a-dá-nìkan-pọ̀-bí-ọjà! Ó ri òpó mọ́lẹ̀, ó wọ̀ wọ́n láṣọ, ó sọ wọ́n lórúkọ àwọn ará ilé, ó sì dá iná púpọ̀. Àwọn ọlọ́ṣà rò pé ìlú ni, wọ́n sáré wá.

“Baba Ehinmọwó,” ni Oríyọmí ń ké sí òpó kan, “ẹ dìde, àlejò dé!”

Iyanrìn abẹ́ omi gba ọkọ̀ wọn mú, ìgbì sì fọ́ ọ túútúú.

Ṣùgbọ́n ọlọ́ṣà kò tán láyé, Oríyọmí kò sì lè padà. Àwọn ará ilé a gbé ẹja tútù wá, wọn a kó yíyan, wọn a yára lọ.

“Ẹ ò ní jókòó díẹ̀?”

“Ó di ọjọ́ mìíràn, Oríyọmí.”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe darúgbó láàárín àwọn òpó tí kì í dáhùn.

Títí dòní, a kì í yan ẹja ní Kọ̀rọ̀-Omi. Orí òkìtì yẹn là ń lọ, ẹnìkan lẹ́ẹ̀kan, a ó sì kí àwọn òpó lórúkọ ká tó dáná. Èyí tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lórúkọ Oríyọmí lẹ́yìn ikú rẹ̀ kọjú sí ilé. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ là ń jókòó sí. Bí a bá yan ẹja tán pàápàá, a kì í tètè dìde.